Èèkù Tí Ó Gba Gbogbo Ọwọ́

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan háyà ilé sí gúúsù ilẹ̀ Faransé kí wọ́n lè sinmi níbẹ̀. Sam Farber ni ọkọ, Betsey ni ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ ṣe páì ápù. Betsey mú píìlà tí wọ́n bá nínú ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ èso, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀ fún un. Làkúrègbé ti wọ oríkèé ìka rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jẹ́ èèkù píìlà náà ń ta á ní àtẹ́lẹwọ́, kò sì rí i dì mú dáadáa. Sam wà níbẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ píìlà dúdú tí ó wà nínú ilé ìdáná àìmọye ènìyàn lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Èèkù rẹ̀ tóbi, ó rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó ní ìlà tín-tìn-tín tí ó dà bí lẹbẹ ẹja ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, OXO sì ni orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ kọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún, torí pé nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn dìsáínà ilé-iṣẹ́, kò sí èyí tí ó tú iṣẹ́ náà síta tó o. Ìdí kejì ni pé apá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n máa ń sọ ní àṣìsọ, àṣìsọ yẹn sì dùn mí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé píìlà fún ẹni tí kò bá lò ó rí. Ọ̀bẹ la fi ń bẹ iṣu nílé wa, èèpo iṣu kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ píìlà. Ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì, kùkúńbà àti ápù ni wọ́n ṣe é fún. Abẹ rẹ̀ ní ihò gígùn láàárín, ó sì ń yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń tẹ̀ lé ara èso náà, kí èèpo lè máa jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìdá ọgbọ́n tí wọ́n fi sí abẹ yẹn kò kéré. Ti èèkù rẹ̀ ni wọn ò ronú sí. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ píìlà tí ó wà lórí àtẹ nígbà náà, irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n kàn ká pọ̀, tí wọ́n ki ìdí abẹ bọ̀. Ó yá ẹ̀rọ láti ṣe, ó sì pọ́ọ́kú. Bí omi bá kàn án, á máa yọ̀. Bí ènìyàn bá fi bẹ ọ̀dùnkún fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́wàá, ojú ibi tí irin náà ti tẹ̀ ẹ́ yóò pọ́n.

Alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ mọ àgbẹ̀ náà. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ rí ọwọ́ tí yóò dì í mú. Bí ó bá gùn jù, tàbí tí ó bá ń bó olóko lọ́wọ́, olóko yóò gbé e padà wá, wọn yóò sì tún un fá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá dé, tí ẹ̀rọ kan ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun kan náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe é kò rí ẹni tí yóò lò ó mọ́. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni dìsáínà ilé-iṣẹ́ dúró sí. Ẹnjiníà ni ó mọ̀ bóyá irin á tẹ̀ tàbí kò ní tẹ̀. Akọ̀wé owó mọ iye tí yóò náni, olùtajà mọ ẹni tí ó lè rà á. Dìsáínà ni ó ní láti béèrè pé ọwọ́ ta ni yóò dì í mú, báwo ni ọwọ́ náà ṣe rí, kí ni ó ń dùn ún. Bí kò bá sí ẹni tí ó béèrè, ohun tí ó bá rọ ẹ̀rọ lọ́rùn ni yóò jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí fún píìlà onírin yẹn fún ọdún gbọọrọ.

Sam Farber kì í ṣe àlejò nídìí ohun èlò ìdáná. Òwò ìdílé wọn ni: arákùnrin bàbá rẹ̀, Simon Farber, ni ó dá Farberware, ilé-iṣẹ́ ohun èlò ìdáná, sílẹ̀. Sam fúnra rẹ̀ dá Copco sílẹ̀ ní 1960, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ìkòkò irin tí wọ́n fi ènámẹ́lì aláwọ̀ títàn bò. Ó ti fẹ̀yìntì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti lé ní ẹni 60 ọdún. Betsey náà kì í ṣe òpè nípa yíya nǹkan àti síṣe é: ó kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, a óò padà sí i.

Ìbéèrè tí tọkọtaya náà gbé dání kúrò ní ilé ìdáná yẹn rọrùn láti sọ: kí ló dé tí ohun tí gbogbo ilé ní fi ní láti máa dun ọwọ́? Nígbà yẹn, ohun èlò wà fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò lágbára, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti àga aláìsàn ni wọ́n ti ń tà á, ó sì rí bí ohun ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá gbé e sí ilé ìdáná rẹ̀ ti kéde àìsàn rẹ̀ fún gbogbo àlejò tí ó bá wọlé. Ohun tí Sam ń wá yàtọ̀. Ó fẹ́ irinṣẹ́ tí yóò rọrùn fún ọwọ́ Betsey, tí ọmọ ogún ọdún náà yóò rí lórí àtẹ, tí yóò sì wù ú rà. Ọ̀rọ̀ òwò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì fi pa mọ́: bí ó bá jẹ́ àwọn alárùn làkúrègbé nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, ọjà náà kò ní tóbi tó láti gbé ilé-iṣẹ́ ró.

Ó pe Davin Stowell ní New York, olórí ilé-iṣẹ́ dìsáínà tí wọ́n ń pè ní Smart Design. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí nígbà Copco. Ọ̀nà tí wọ́n fi ṣètò owó náà yẹ ní sísọ, torí pé ó yí ipò dìsáínà padà nínú iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tuntun ni Sam fẹ́ dá sílẹ̀, kò fẹ́ san gbogbo owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Smart Design gba owó díẹ̀ ṣíwájú, wọ́n sì fara mọ́ ìdá 3 nínú 100 lórí gbogbo èyí tí ó bá tà. Bí ọjà náà bá kú, wọ́n ti ṣe wàhálà lásán. Dìsáínà tí ó bá gba owó rẹ̀, tí ó sì lọ, lè yà wọ́n ní àwòrán tí ó wu ojú. Àwọn yìí ní láti rí i dájú pé ẹni tí ó bá rà á yóò tún padà wá rà.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni rọ́bà tí wọ́n ń fi bọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Rọ́bà yẹn tóbi, ó rọ̀, kì í sì í yọ̀ bí ọwọ́ bá ń làágùn. Ọmọdé ń dì í mú, àgbàlagbà ń dì í mú. Ohun tí ó wù mí nínú èyí ni pé ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti rí ìdáhùn, kò sí èèyàn kankan tí ó jókòó sídìí tábìlì títí ọgbọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

Láti orí rọ́bà kẹ̀kẹ́ dé orí ohun tí a lè tà, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n lọ wo bí ènìyàn ṣe ń lo irinṣẹ́ ìdáná. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn alárùn làkúrègbé, wọ́n wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bẹ nǹkan, bí wọ́n ṣe ń ṣí agolo, bí wọ́n ṣe ń tẹ aáyù. Wọ́n wá pín irinṣẹ́ sí ọ̀wọ́, orúkọ rẹ̀ kọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé, ohun tí ó ń mú ọwọ́ ṣe ni: èyí tí a ń yí, èyí tí a ń tì tàbí tí a ń fà, èyí tí a ń fún pọ̀. Ìpín yìí ṣe pàtàkì gan-an. Oríkèé tí kò lè yí nǹkan lè ṣì lágbára láti tì í. Ẹni tí kò lè fún nǹkan pọ̀ lè fi gbogbo apá fà á. Bí dìsáínà bá ń ronú nípa orúkọ irinṣẹ́ nìkan, kò ní rí èyí.

Dan Formosa, ọ̀kan nínú àwọn dìsáínà Smart Design, ní ìlànà kan tí ó máa ń ṣàlàyé. Àwọn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí agbára rẹ̀ wà láàárín. Ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n ń wò: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára rárá, àti ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù tí ó lè ba nǹkan jẹ́. Bí irinṣẹ́ bá gba àwọn méjèèjì, àwọn tí ó wà láàárín ti bá a gbà. Ìdàkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Wọ́n á fojú inú wo ẹnì kan tí gbogbo nǹkan rẹ̀ ṣe déédéé, wọ́n á ṣe nǹkan fún un, a ò sì ní rí ẹni náà láyé.

Obìnrin kan wà lára àwọn tí wọ́n gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn, Patricia Moore, tí òun náà jẹ́ dìsáínà. Nígbà tí ó wà ní ọ́fíìsì Raymond Loewy, gbajúmọ̀ dìsáínà ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó béèrè nínú ìpàdé kan bóyá wọ́n lè ṣe ilẹ̀kùn fíríìjì tí ẹni tí làkúrègbé ń bá jà yóò lè ṣí. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í ṣe nǹkan fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ó pé ẹni ọdún 26, ní 1979, ó ní kí obìnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ àtíkè tẹlifíṣọ̀n sọ òun di arúgbó. Ó fi gíláàsì tí kò jẹ́ kí ó ríran dáadáa sójú, ó fi nǹkan dí etí, ó di ẹsẹ̀ àti oríkèé ìka rẹ̀ kí wọ́n má lè ká bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rìn kiri títí di 1982, ní ìlú tí ó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ó wọ ọkọ̀, ó ra ọjà, ó ṣílẹ̀kùn, ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà tí ayé kò rò mọ́ ìṣirò. Èmi kò ní sọ pé kí gbogbo dìsáínà paradà bí i tirẹ̀. Ẹni tí ó wọ ẹ̀wù arúgbó ṣì lè bọ́ ọ lálẹ́. Ṣùgbọ́n mo ka ohun tí ó ṣe sí iṣẹ́ ńlá, torí pé ó gba ìyà kí ó tó gba ìmọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo èèkù náà fúnra rẹ̀, torí pé kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ó ṣèèṣì wà níbẹ̀.

Ó nípọn. Ọwọ́ tí ó bá di nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ mú ní láti ká ìka pọ̀ pátápátá, kíká yẹn gan-an ni ó ń dun oríkèé tí ó wú. Bí èèkù bá nípọn, ìka kò ní ká tó bẹ́ẹ̀, agbára díẹ̀ ni yóò sì mú un dúró. Kò rí róbótó bí ọ̀pá. Ó rí bí ẹyin tí a fi ọwọ́ tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pá róbótó á máa yí lọ́wọ́, ẹni tí ó dì í mú á sì máa fún un kí ó má bàa yí. Èyí kì í yí. Ìdí rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, ó jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́, ìnira náà kò sì dá lórí ibì kan ṣoṣo. Ihò ńlá kan wà níbẹ̀, tí ènìyàn lè fi gbé e kọ́ sára ìṣó, tí kò sì jẹ́ kí ó wúwo jù.

Lẹbẹ tí mo mẹ́nu bà níṣàájú wà ní ibi tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá máa ń tẹ̀. Wọ́n la rọ́bà náà sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó lè tẹ̀ bí ìka ṣe tóbi tó. Ìka ńlá á tẹ̀ ẹ́ wọlé púpọ̀, ìka kékeré á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Èèkù kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó ń gba ìrísí ọwọ́ tí ó bá bá a. Iṣẹ́ kejì tún wà tí lẹbẹ yìí ń ṣe, tí mo rò pé ọlọ́jà ni yóò kọ́kọ́ mọyì rẹ̀. Ènìyàn tí ó ń kọjá níwájú àtẹ kò ní ka ìwé ara páálí. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá rí lẹbẹ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ti dì í mú, kò sí àlàyé tí a tún fẹ́ ṣe.

Rọ́bà wo ni kí wọ́n lò? Rọ́bà lásán á rà, tàbí kí òróró àti omi gbígbóná bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n mú ni Santoprene, irú rọ́bà kan tí ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Monsanto ṣe, tí wọ́n ti ń fi dí etí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìfọ-àwo. Bí ó bá lè wà nínú ẹ̀rọ ìfọ-àwo fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́, á gba èèkù píìlà. Kì í yọ̀ bí omi bá wà lọ́wọ́. Dúdú ni wọ́n fi ṣe, tí kò jẹ́ kí ìdọ̀tí tètè hàn, tí kò sì fi ojú aláìsàn han ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìṣòro gidi yọjú: ta ni yóò ṣe é? Lẹbẹ náà tín-ín-rín débi pé ó ṣòro láti dà. Ilé-iṣẹ́ Mitsuboshi Cutlery ní ìlú Seki ní Japan ni ó gbà á ṣe. Seki ti jẹ́ ìlú àwọn arọdà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ abẹ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí ó ti ibẹ̀ wá ju lẹbẹ lọ: abẹ píìlà náà mú, irin tí kì í dípẹtà ni, ó sì wọ inú èèpo láìfẹ́ ipá. Ike tí ó yí abẹ ká ní ṣóńṣó lórí, tí a lè fi yọ ojú ọ̀dùnkún. Mo fẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ abẹ yìí, torí pé àwọn tí ó wá ṣe àwòkọ píìlà náà kò rí i. Èèkù rọ́bà ńlá ni wọ́n rí, wọ́n ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì fi abẹ kíkú sí i. Ẹni tí làkúrègbé ń bá jà tí ó ra irú rẹ̀ á ní èèkù tí ó rọ̀, á sì tún máa fi gbogbo agbára tì í. Bí abẹ bá mú, ìdajì ìrora ti lọ kí a tó dé èèkù rárá. Àwọn dìsáínà Smart Design mọ èyí. Àwọn aláwòkọ rò pé àwọ̀ àti ìrísí ni wọ́n ń jí.

Orúkọ tí wọ́n fún ilé-iṣẹ́ tuntun náà kúrú. OXO: bí a bá kà á síwájú, bí a bá kà á sẹ́yìn, bí a bá yí i sódì, OXO náà ni. Good Grips ni wọ́n pe ọ̀wọ́ irinṣẹ́ náà.

Ní 1990, wọ́n gbé irinṣẹ́ 15 lọ sí ìpàtẹ ọjà ohun èlò ìdáná ní San Francisco. Owó píìlà wọn jẹ́ ìlọ́po owó píìlà onírin, ìyẹn sì ni ohun tí ó ń ba ènìyàn lẹ́rù jù nígbà yẹn: ta ni yóò san owó bẹ́ẹ̀ fún píìlà? Àwọn ènìyàn san án. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ àìsàn kankan sára páálí rẹ̀. Wọn kò pè é ní irinṣẹ́ aláàbọ̀ ara. Ohun rere kan ni wọ́n tà, ẹni tí ó ń ṣàìsàn sì rí tirẹ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nàka sí i.

Àwọn tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí máa ń fi píìlà OXO ṣàpẹẹrẹ ohun tí wọ́n ń pè ní universal design, ìyẹn kí a ṣe nǹkan kí gbogbo ènìyàn lè lò ó láìjẹ́ pé a tún ń ṣe àkànṣe fún ẹnikẹ́ni. Ronald Mace ni ó fún un lórúkọ yìí, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù nígbà èwe rẹ̀, tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn. Òun náà ni ó dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ North Carolina ní 1989, ọdún kan kí OXO tó dé orí àtẹ. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú ìlànà yẹn, ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà fún un ni ó kọ́kọ́ rí i.

Ní 1992, Sam ta ilé-iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, General Housewares. Nígbà tí ó di 2004, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Helen of Troy rà á ní mílíọ̀nù dọ́là 273. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of Modern Art ní New York gba píìlà náà sínú àkójọ rẹ̀. Smart Design àti OXO ṣì jọ ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tí mi ò lè fò. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń se oúnjẹ pé kí ni àléébù ife ìwọ̀n, èyí tí ó ní ìlà àti nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ènìyàn sọ tinú wọn: tí gíláàsì bá bọ́ á fọ́, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbóná, ó máa ń yọ̀ bí òróró bá kàn án. Nígbà tí wọ́n wá ní kí wọ́n lò ó kí àwọn wò, gbogbo wọn ń ṣe ohun kan náà. Wọ́n da omi sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ìlà náà, wọ́n dìde, wọ́n tún da díẹ̀ sí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ bíbẹ̀rẹ̀ yẹn, torí pé ó ti mọ́ wọn lára, wọn kò kà á sí àléébù mọ́. Ife tí OXO wá ṣe ní ìlà tí ó dagun sínú, tí ènìyàn lè kà láti òkè lórí ìdúró. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà bí àwọn kan bá ní kí a fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, kí a ka èsì, kí a sì lọ ṣe nǹkan. Ènìyàn kì í lè sọ gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ń fara dà. Ẹnì kan ní láti dúró tì í, kí ó máa wò.

Ní ọ́fíìsì OXO, ògiri kan wà tí wọ́n gbé ìbọ̀wọ́ kọ́ sí, ìbọ̀wọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ṣà ní òpópónà níbi tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ onírúurú ènìyàn: ti ọmọdé, ti òṣìṣẹ́ ìkọ́lé, ti obìnrin tí ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá ń jiyàn lórí èèkù kàn lè gbójú sókè kí ó wò wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ Betsey.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn yìí ni pé ìyàwó ń jẹ̀rora, ọkọ rẹ̀ tí ó láàánú rí i, ó pe àwọn ọlọ́gbọ́n, wọ́n sì ṣe irinṣẹ́ fún un. Mo ti kà á báyìí lọ́pọ̀ ìgbà, èmi náà sì ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nínú irú ìtàn yìí, ọwọ́ tí ó ń dunni nìkan ni Betsey ní, kò ní orí. Bẹ́ẹ̀, ayàwòrán-ilé ni. Ó mọ bí a ṣe ń ya nǹkan, ó mọ bí a ṣe ń ronú sí ìrísí àti ìwọ̀n. Òun ni ó di píìlà náà mú, òun ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó lè sọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Àwa máa ń sọ pé bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ Betsey wà lórí èèkù gan-an, síbẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń bi léèrè.

Màmá mi máa ń fi àkísà àǹkárá wé èèkù ọ̀bẹ rẹ̀ kí ó tó bẹ iṣu. Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń tẹ̀ ni ó ti ń jẹ́ kí aṣọ náà nípọn jù. Ọdún pípẹ́ ni mo fi rò pé ọ̀bẹ ti gbó ni. Nígbà tí mo ka ìtàn OXO ni ó tó yé mi pé iṣẹ́ dìsáínà ni màmá ń ṣe lójú wa lójoojúmọ́.

Sam Farber kú ní 2013, ó jẹ́ ẹni ọdún 88, àwọn ìwé ìròyìn sì yìn ín, ó tọ́ sí i. Ní 2018, Liz Jackson, tí òun náà jẹ́ aláàbọ̀ ara tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ irú wọn nínú iṣẹ́ dìsáínà, kọ nípa ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn New York Times lẹ́yìn tí ó ti bá Betsey sọ̀rọ̀. Betsey sọ fún un pé ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé Sam onínúure ṣe irinṣẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ tí kò lè dá nǹkan ṣe nílé ìdáná. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ìtàn máa rántí òun gẹ́gẹ́ bí ẹni tí làkúrègbé ń bá jà, kí wọ́n má rántí pé òun ni ó mú èrò náà wá, pé kí irinṣẹ́ ṣeé dì mú láìdunni.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé àwọn wo ni dìsáínà píìlà yẹn, mo ti mọ bí n ó ṣe kà wọ́n: Betsey Farber, Sam Farber, Davin Stowell, Dan Formosa àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Smart Design, Patricia Moore, àwọn arọdà Seki, àti àwọn alárùn làkúrègbé tí wọ́n na ọwọ́ wọn síta kí àlejò wò ó, tí a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan.